Ohun A Ní Là Ń Náání: Ẹ̀kọ́ Tí Igbóbì Ń Kọ́ Wa

Lójoojúmọ́ ayé ni ẹgbàágbèje ènìyàn ń gba títì Ìkòròdú kọjá ní ìhà Fádéyì ní Èkó. Ẹni tí ó wà nínú dáńfó ń bínú sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ti ara rẹ̀ ń ráhùn pé ọkọ̀ náà ti gbó, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ń ráhùn pé òun kò ní ọkọ̀ rárá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan nínú wọn tó rántí pé ní ẹ̀yìn ògiri tí wọ́n ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá yìí, ní Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Igbóbì, àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé wà ní ìdùbúlẹ̀, tí ohun tí wọ́n ń bẹ Olódùmarè fún tọ̀sán tòru kò ju pé kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì padà wá jókòó. Ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń ráhùn lé lórí ní ìta ni aláìsàn ń fi àdúrà wá nínú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ènìyàn wa sọ lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tí kò bá mọ adùn ohun kékeré kò lè mọ iyì oore kékeré, ó sì tún dá mi lójú pé oore kékeré tí a kò kà sí yìí ni ó ń gbé ìlú ró.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni Igbóbì ti ń gba àwọn tí egungun wọn dá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler, gba ayé kan, tí àwọn Òyìnbó amúnisìn sì kó àwọn ọmọ wa lọ jà ní ilẹ̀ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Ọlọ́run dá padà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ tàbí apá sílẹ̀ ní ojú ogun. Ibùdó ìtọ́jú irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni Igbóbì kọ́kọ́ jẹ́, kí ó tó di ilé ìwòsàn ní ọdún 1945. Ilé ẹ̀kọ́ Igbobi College, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Áńgílíkà jùmọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, ti wà ní àdúgbò náà ṣáájú, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ń kọ́ bí a ti í gbé ayé àti àgbà tí ń tún ìrìn kọ́ jọ ń gbọ́ ariwo títì kan náà. Lóde òní, ilé ìwòsàn náà ní ẹlẹgbẹ́ ní Enugu àti ní Dala ní ìlú Kánò, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa ará Èkó, Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, Igbóbì ti di orúkọ tí ìyá fi ń kìlọ̀ fún ọmọ tí ń gun ọ̀kadà ní ìgùnkúgùn: "Igbóbì ni wọn yóò gbé ọ lọ o!"

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ọrọ̀, kí ó wọ wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn egungun ní àkókò ìbẹ̀wò. Yóò rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi okùn gbé sókè, tí irin wíwúwo tí ó so rọ̀ ní ìsàlẹ̀ ibùsùn ń fà á díẹ̀díẹ̀ kí egungun tí ó gun ara wọn lè padà sí ipò. Yóò rí apá tí wọ́n fi P.O.P. dì láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Kò sí ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ ilé alájà mẹ́ta níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń bèèrè irú ọkọ̀ tí ẹnìkejì ń gùn. Ọ̀kan ń ròyìn pé òun fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ sùn lánàá. Òmíràn ń wí pé òun ti fi ọwọ́ ara òun bu ẹ̀kọ sẹ́nu. Ẹ̀kẹta ń yọ̀ pé dókítà ti ní kí òun máa fi ọ̀pá kọ́ ìrìn. Obìnrin tí ó gbé kúlà oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀ yóò bojú wo ibùsùn kejì, yóò rí i pé kò sí ẹni tí ó wá wo ẹni tí ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, yóò sì fi ìdérí kúlà bu ìrẹsì àti ẹran kan sí i láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí ẹnìkan bá sì dìde dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí ó ti wà ní ìdùbúlẹ̀, tí ó há ọ̀pá méjì sí abíyá, tí ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, oríire tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kí i kò kéré sí èyí tí à ń kí ẹni tí ó jẹ oyè.

Àwọn àgbà wa ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí wọ́n tó ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Èpo igi tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, ọmọ aṣẹ́gità mọ̀ pé òun ni yóò dá iná tí ilé àwọn yóò yá ní alẹ́. Àwa ará ìsinsìnyí ni a fẹ́ sọ ọgbọ́n náà nù, tí a ń tìtorí ohun tí kò tíì dé fi ojú tẹ́ńbẹ́lú èyí tí ó wà lọ́wọ́, tí ọjọ́ wa fi ń lọ nínú ìdúró de ọjọ́ mìíràn. Ní Ṣómólú àti Bàríga tí ayé ń pè ní àdúgbò mẹ̀kúnnù, ta ni yóò ka adùn tí ó wà níbẹ̀ tán? Ẹ̀wà Àgànyìn tí ata dúdú rẹ̀ ń ta sánsán láti ìkángun òpópó, tí a fi búrẹ́dì Àgége rírọ̀ jẹ ní kùtùkùtù. Òjò àkọ́rọ̀ tí ń mú òórùn ilẹ̀ jáde lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Àgbálùmọ̀ ìgbà ọyẹ́, àgbàdo sísun àti àgbọn ìgbà òjò. Ìró ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ onílé àti ìwé ìsìnkú arúgbó ní òòjọ́ kan náà. Àwọn bàbá tí wọ́n jókòó ti ọpọ́n ayò, tí ẹni tí a ń jẹ ní àjẹpa kò dákẹ́ yẹ̀yẹ́ ẹni tí ń jẹ ẹ́. Àti atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti orí ọ̀sà wọ Ìlàjẹ Bàríga ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn apẹja ń tu ọkọ̀ wọn bọ̀ wálé, tí afárá Third Mainland sì nà gbọọrọ lórí omi níwájú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó ní kí á kọ́ ilé kí á tó gbádùn rẹ̀. Ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ wa ni ara líle àti ọkàn tí ó wà níbi tí ara wà. Ìlera sì ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá mọ inú rò, yóò mọ ọpẹ́ dá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Èmi kò wí pé kí tálákà máa yọ̀ sí òṣì rẹ̀, tàbí kí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ká oúnjẹ máa fi atẹ́gùn ọ̀sà tu ara rẹ̀ nínú títí àwọn alágbára yóò fi jẹ ìpín rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtẹ́lọ́rùn àti ìyà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ó mọ bí omi mímọ́ ti dùn tó ni yóò dìde láti bèèrè ìdí tí ẹ̀rọ omi àdúgbò rẹ̀ kò fi yọ. Ẹni tí ó mọ iyì ẹsẹ̀ ni yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ nítorí gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí kò tíì rà, kò ní rí gọ́tà náà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi jìn sínú rẹ̀. Nítorí náà, dípò kí ìmọrírì ohun kékeré mú ènìyàn dákẹ́ ní ibi tí ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀, òun gan-an ni ó ń fi ohun tí ó yẹ kí á jà fún hàn wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan oore ṣíṣe. Ẹni tí ó mọyì wúrà là ń tà á fún, ẹni tí ó sì mọyì nǹkan ni ó ń rántí fi tọrẹ. Ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ rí ni ó ń mọ̀ pé ife omi tútù kan tó ohun tí à ń gbé dìde fún àlejò. Ẹni tí ó ti dá wà nínú àìsàn rí ni ó ń mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ènìyàn fi jókòó ti ibùsùn ẹni kò ṣeé fi owó rà. Ẹni tí kò ka nǹkan wọ̀nyí sí fún ara rẹ̀, báwo ni yóò ti ṣe kà á sí fún ẹlòmíràn? Yóò máa dúró de ìgbà tí òun yóò ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún kí òun tó ṣe ènìyàn lóore, ìgbà náà kò sì ní dé, nítorí bí owó ti ń pọ̀ ni àìní náà ń gbòòrò.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ ọmọ ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire kan wá, tí ìtàn rẹ̀ kò yẹ kó parun láàárín wa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942, wọ́n sì kó o dé ilẹ̀ Bọ́mà pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú ọgbẹ́ tí wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sójú ìjà. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1944, ní àfonífojì odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì yọ sí wọn lójijì. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì tún bà á ní ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kú. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sàró, ni ó ṣẹ́kù sínú igbó náà, ní ilẹ̀ tí àwọn ọ̀tá ti gbà, láìsí oògùn, láìsí oúnjẹ, láìsí ẹsẹ̀ tí Isaac yóò fi sá. Àgbẹ̀ kan ní abúlé tí ó wà nítòsí, Mùsùlùmí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, ni ó ń yọ́ gbé ìrẹsì lọ fún wọn, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáànì bá gbọ́ sí i, orí òun àti ti ìdílé òun ni yóò lọ sí i. Nígbà tí ó sì yá, ó gbé àwọn méjèèjì wọ inú ilé ara rẹ̀. Bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà báyìí, títí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì fi dé ibẹ̀ ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà.

Ẹ wo ohun tí Shuyiman ṣe dáadáa. Kò lé ẹgbẹ́ ogun kan padà, kò sì ní ìbọn tí yóò fi gbèjà ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì inú ìkòkò ilé rẹ̀ ni ó ń pín, òun tí ó jẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tí ogun ń jà. Ohun tí ó sọ ìrẹsì náà di ẹ̀mí ènìyàn ni pé kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ó dáwọ́ dúró, lónìí ni, lọ́la ni, ní ọ̀túnla ni. Ẹni tí ó bọ́ náà tiro padà dé ilé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọ, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì wà láyé títí di ọdún 2012. Ní ọdún 2011, lẹ́yìn ọdún 67, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ tí oníròyìn Barnaby Phillips mú dé ilẹ̀ Bọ́mà. Shuyiman ti fi ayé sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gba ọpẹ́ náà ní orúkọ baba wọn. Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Isaac, arúgbó náà, kò fẹ́ kí ikú bá gbèsè ìrẹsì lọ́rùn òun.

Ní ọdún 1944 yẹn náà, ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan tí ń jẹ́ Ludwig Guttmann, Júù tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ Jámánì nítorí ìwà ìkà Hitler, ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́. Kí ó tó dé, ẹni tí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá mú kì í sábà pẹ́ láyé, nítorí egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá sí i lára àti àìsàn ilé ìtọ̀ ni wọ́n ń para pọ̀ pa á, àwọn oníṣègùn púpọ̀ sì ti gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ohun tí Guttmann fi lélẹ̀ kò ṣòroó sọ: kí wọ́n máa yí aláìsàn padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án àti lóru. Iṣẹ́ tí kò ju kí ọwọ́ mẹ́rin gbé ènìyàn rọra ni èyí, òun ni ó sì gba ẹ̀mí àwọn tí a ti ń wá pósí fún. Nígbà tí ara wọn mókun, ó fi ọfà àti ọrun lé wọn lọ́wọ́. Ní oṣù Júláì ọdún 1948, ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìdíje Òlíńpíìkì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 16 dije lórí kẹ̀kẹ́ arọ nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ìdíje ènìyàn 16 yìí ni ó dàgbà di Paralympics tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Róòmù ní ọdún 1960, òun náà sì ni ó di pápá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà 8 ní Rio ní ọdún 2016, tí orin orílẹ̀-èdè wa ń dún, tí àwa tí ẹsẹ̀ wa pé ń pàtẹ́wọ́ ní iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀kọ́ tí a yá lọ́wọ́ àlejò ni èyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ ni a fi ń rin ìrìnàjò láti ìlú dé ìlú, àwọn baba ńlá wa a máa gbé àmù omi àti igbá sí ẹ̀bá ọ̀nà, lábẹ́ igi tí ó ní ìbòòji, kí arìnrìnàjò tí wọn kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì ní rí mọ́, lè mu kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tí ń lọ sí oko a pàtẹ ọjà rẹ̀ sí etí ọ̀nà, a to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi iye owó ẹyọ rẹ̀ hàn. Ẹni tí ebi ń pa a mú ohun tí ó fẹ́, a fi owó sílẹ̀, olójà a sì bá owó rẹ̀ ní pípé nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹni tí ó ní oko tí kò ní ọwọ́ tó láti ro ó a pe ọ̀wẹ̀; àwọn ẹgbẹ́ a kó ara wọn jọ ní àrò, lónìí ní oko tìrẹ, lọ́la ní oko tèmi. Kò sí ọ̀kan nínú ìwà wọ̀nyí tí wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ, kò sí akígbe tí ń ké e káàkiri. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbà pé ẹni tí kò ní i kò tíì di ènìyàn, bí ó ti wù kí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ pọ̀ tó. Kíkí tí a ń kí ara wa náà wà lára rẹ̀: ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ewu, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà. Yorùbá ní kíkí fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ń sinmi, fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí ó má baà sí ipò kan tí ènìyàn yóò wà tí ẹnìkejì yóò fi kọjá lára rẹ̀ láì rí i. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò; ọ̀rọ̀ rere kan náà ni ó sì ń mú kí ẹni tí ó ti fẹ́ sọ̀rètí nù jí ní ọjọ́ kejì, kí ó tún gbìyànjú.

Ìwà náà kò tíì kú ní Èkó, bí a tilẹ̀ ti fi eruku bò ó. Nínú dáńfó láti Bàríga sí Yábàá, nígbà tí kọ̀ndọ́ kò ní ṣéńjì, yóò so ènìyàn méjì pọ̀ sórí owó kan, yóò ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. A ti rí i tí èyí dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí i pẹ̀lú tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ìyá arúgbó wo ojú ìyá náà, tí ó wí pé, "Ìyá, ẹ máa mú gbogbo rẹ̀ lọ," tí ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọjà. Owó náà kò ra ìgò mínírà kan, síbẹ̀ àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀nà wọn pẹ̀lú ara tí ó fúyẹ́ ju bí wọ́n ti wọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ wo iwájú mọ́ṣáláṣí, níbi tí ẹnìkan ti ń pín omi tútù fún gbogbo ẹni tí ń jáde. Ní oṣù Ràmàdáánì, ẹ wo bí àwo ìṣínu ti ń gba ojúlé kan dé òmíràn, tí ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ilé kejì sì mọ àkókò tí yóò jókòó dè é.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni mo fẹ́ gbé sí mẹ̀kúnnù lọ́rùn, pé bí títì bá dára, tí ilé ìwòsàn bá pé, kí ni a ó fi oore olúkúlùkù ṣe? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì ní fojú fò ó. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé; ìjọba ni yóò kọ́ wọ́ọ̀dù, òun ni yóò san owó dókítà, òun ni yóò ṣe òfin ìrìnnà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ìjàǹbá tí ń sọ ọmọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara sì wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ ṣá, bí ìjọba tilẹ̀ dára bí ti ọ̀run, kò sí òfin tí yóò gbé omi sí aláìsàn lẹ́nu ní ààjìn òru, kò sì sí mínísítà tí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó wà ní ibùsùn kẹrin kò rí àlejò láti ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ tí ó tó ìjọba wà, iṣẹ́ tí ó tó ọmọnìkejì wà. Ẹni tí ó fi ìkan sílẹ̀ nítorí èkejì ti fi aláìsàn náà sílẹ̀ nínú òùngbẹ.

Ohun tí ó ń ba oore jẹ́ lóde òní, ju àìlówó lọ, ni ṣekárími. A ti sọ oore di ohun tí à ń ya fọ́tò rẹ̀: a ó kó àpò ìrẹsì jọ, a ó to àwọn opó sí iwájú rẹ̀, a ó sì gbé àwòrán ìtìjú wọn sí ojú ayé. Ẹni tí kò ní àpò ìrẹsì wá rò pé òun kò ní ohun tí òun lè ṣe. Àdánù méjì ni: ẹni tí ó ní fi oore ra ìyìn, ẹni tí kò ní fi àìní ṣe àwáwí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ẹni tí ó tòṣì débi tí kò ní ohun tí ẹnìkejì ń wá, kò sì sí ẹni tí ó lówó débi tí kò ní nílò ọwọ́ ẹlòmíràn láti gbé e dìde.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nínú wa lè lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹni tí ọkọ̀ gbá, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ a sì máa sá sókè sá sódò láti wá ẹni tí yóò fún un. Nǹkan bí 450 mililítà ni wọ́n ń gbà lára ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ara yóò sì ṣe òmíràn rọ́pò; ọkùnrin lè tún fúnni lẹ́yìn oṣù 3, obìnrin lẹ́yìn oṣù 4. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà tán, kí olùfúnni sì mu ohun dídùn díẹ̀, àkókò náà kì í tó wákàtí kan, a kò sì ní mọ orúkọ ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ wa dìde. Ẹni tí kò lè ṣe èyí lè ya wọ́ọ̀dù kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kì í ṣe pẹ̀lú ìwàásù gígùn, bí kò ṣe pẹ̀lú etí tí ó ń gbọ́ àti ọwọ́ tí ó lè bá nọ́ọ̀sì yí ìrọ̀rí padà bí wọ́n bá gbà á láyè. Awakọ̀ lè dúró kí ọmọ ilé ìwé kọjá ní Fádéyì. Ọ̀gá iṣẹ́ lè san owó ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó dá. Onílé lè bo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ láì dúró de káńsù. Àwọn òbí lè kọ́ ọmọ wọn láti máa kí agbálẹ̀ títì tí ó fi òwúrọ̀ gbá ìdọ̀tí wa, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ń jẹ́ ìyá ẹnìkan ni.

Igbóbì kì í bèèrè ipò ẹni kí ó tó gbani wọlé. Ọmọ olówó àti ọmọ kọ̀ndọ́ ni egungun wọn ń ṣẹ́ bákan náà, ọwọ́ ẹlòmíràn náà ni ó sì ń gbé wọn dìde. Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí á jẹ ayé tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí pẹ̀lú ọpẹ́, kí á mọ̀ ọ́n ní dídùn nígbà tí ó ń dùn, kí adùn náà má sì parí sí ẹnu wa nìkan, kí á bù nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní ìwọ̀n tí agbára wa mọ, lónìí, kí á sì tún ṣe é lọ́la. Oore ṣíṣe kò ní kí á lówó, kò ní kí á lórúkọ. Ó ní kí á ríran ni. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.